Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta Kéré Jù

Abúlé Alágbọn,
lẹ́bàá Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́rú.

Alameen ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. N kò kó jàǹdùkú wá sí Ìsọlọ̀. N kò ti géètì ilé iṣẹ́ kankan pa, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, àfi bí a bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ tí èmi àti awakọ̀ tírélà kan jọ sọ ní ìjà, òun ló sì kọ́kọ́ pe ìyá mi ní orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó sọ fún ọ pé òun rí mi lórí fóònù níbi tí mo nà gbalaja sójú títì, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn wà lẹ́yìn mi, òótọ́ ni ó rí mi, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí kọ́ ni ó sọ. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ó rí. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń pe ìdọ̀bálẹ̀ ní ìjà?

Ó yá, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé òrùlé yàrá tí o gbà kò jò mọ́? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Iná kò ní jó ọ, omi kò ní gbé ọ lọ, ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọlù ọ́ kò ní rí epo rà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àmín. Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Ewúrẹ́ abìlà bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì kò tíì pinnu àwọ̀ tí ó fẹ́. Ọyẹ́ ti dé, ó sì wúwo lọ́dún yìí. Láàárọ̀, èèyàn kì í rí ilé tó kọjú sí tirẹ̀, ohùn nìkan ni yóò ti inú kùrukùru náà jáde wá kí ọ, ìwọ náà yóò dá ohùn lóhùn, ẹ ó sì kọjá lára yín láìrí ara yín.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí rèé, bí o kò bá ka ibòmíràn, ka ibí yìí: wọ́n ní kí o wá sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ní Ìsọlọ̀ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, aago méje àárọ̀. Fóònù ni ǹ bá fi sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹfà rèé tí o ti pa fóònù rẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán Sùlè awakọ̀, mo sì ní kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ títí ìwọ yóò fi kà á tán lójú rẹ̀. Bí ó bá dúró tí ó ń wò ọ́ bí o ṣe ń kà á yìí, má bínú sí i, iṣẹ́ tí mo rán an ni. Fún un lómi.

Mo mọ̀ pé bí n kò bá ṣàlàyé, o kò ní lọ. Alágídí ni ọ́, ọ̀dọ̀ mi lo sì ti kọ́ ọ. O ti sọ fún Fàthíà àbúrò rẹ pé bí oṣù yìí bá parí tí ẹnikẹ́ni kò pè ọ́ síṣẹ́, ìwọ yóò fi yàrá sílẹ̀, ìwọ yóò wá máa gun ọ̀kadà nílé, o kò sì ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ láyé rẹ. Ọ̀kadà kò burú. Ṣùgbọ́n ìwọ, tí o máa ń dẹ etí sára ẹ̀rọ bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ ọwọ́, kí o má fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́? N kò gbà. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pe ara mi ní bàbá rẹ, torí ọdún mẹ́sàn-án péré ni mo fi jù ọ́ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ kú, àwọn àgbà pè mí bọ́ síwájú, wọ́n ní láti òní lọ, èmi ni bàbá yín. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà funfun kan. Wọn kò bi mí bóyá mo ti ṣe tán. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, n kò sì tíì dá a padà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé Fàthíà mọ àṣírí tí a fi ń ṣí àpótí lẹ́tà rẹ lórí fóònù, ìwọ náà lo fún un nígbà tí ojú fóònù tìrẹ fọ́. Mo ní kí ó ṣí i fún mi. A gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń ka wọ́n fún mi. Lẹ́tà mẹ́tàléláàádọ́rin lo ti kọ láti fi tọrọ iṣẹ́. Mẹ́tàléláàádọ́rin! Bí èèyàn bá kí ẹni mẹ́tàléláàádọ́rin lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, yóò fọwọ́ kan ara rẹ̀ wò bóyá òun ṣì wà láàyè. Mo dùbúlẹ̀ sórí àpáta náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn mi, mo ń wo òkè, mo ń ronú ibi tí ọ̀rọ̀ tí kò rí ìdáhùn máa ń sùn. Ó dà bí ẹni pé mo rí wọn. Wọ́n dúró lókè lọ́hùn-ún nínú ọyẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ ìjáde rẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń retí ẹni tí yóò ní kí wọ́n wọlé. N kò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, Fàthíà ti gbé fóònù rẹ̀ lọ sílé, ewúrẹ́ abìlà ló dúró tì mí.

Ṣùgbọ́n má sọ pé kò sẹ́ni tó dá ọ lóhùn, torí ẹnì kan wà. Ilé iṣẹ́ oníkẹ́ẹ̀gì yìí gan-an ni ó wà. O fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn, kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi fèsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní lẹ́tà rẹ ti tẹ àwọn lọ́wọ́, inú àwọn sì dùn pé o rántí àwọn. Fàthíà ní ẹ̀rọ ni, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa sọ fún gbogbo èèyàn. Mo ní kí ó dákẹ́. Ẹ̀rọ tí mo mọ̀, bí o bá da epo sí i tán, kò mọ̀ ju ariwo lọ, èwo nínú wọn ló dúpẹ́ rí? Èèyàn ni. Mo tilẹ̀ mọ irú èèyàn tí ó jẹ́. Ẹni jẹ́jẹ́ kan ni, ó jókòó nídìí fèrèsé kékeré kan, gbogbo ọmọ aráyé tó ń wá iṣẹ́ ń kọ̀wé sí i, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi, torí àwọn tó kù níbẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo máa ń rò ó bí mo bá wà lóko, mo máa ń rò ó pé ṣé ó ti jẹun. Mo bi Fàthíà bóyá o padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, ó ní rárá. Alameen! Èèyàn ṣe ọ́ lóore, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, o kò lọ kí i kú àná? Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní àtúnṣe.

Mo wá ní kí wọ́n bá mi tẹ sìfíì rẹ jáde ní Ìsẹ́yìn, ìwé tí o fi ń sọ irú ẹni tí o jẹ́ fún wọn. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè tí mo yá lọ́wọ́ olùkọ́. Ọmọ mi, n kò mọ ẹni tó wà nínú ìwé yẹn. Ó ní òṣìṣẹ́ kára ni òun. Ó ní òun lè bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, òun sì lè ṣiṣẹ́ nínú ìnira. Ta ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yóò kọ ọ́ bí ó bá ní ọwọ́. Mo wá ibi tí o ti tún ẹ̀rọ tí Ìyá Sẹ̀kínátù fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe, n kò rí i. Mo wá ẹ̀rọ omi tó kú fún odidi ọdún kan, tí oníṣẹ́ mẹ́ta wá wò tí wọ́n sì mi orí lọ, tí ìwọ fi ọ̀sán kan jí, n kò rí i. Sípíkà mọ́sáláṣí ńkọ́? Kò sí. Ó kàn kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn láti máa kàwé àti láti máa rin ìrìn àjò. Ìrìn àjò wo? Ìwọ tí o máa ń bì nínú ọkọ̀!

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo lo kọ, o kàn ń pààrọ̀ orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni. Èyí tí o kọ sí báǹkì kan ní Àgọ́ Palace náà lo kọ sí ilé ìwòsàn, òun náà lo kọ sí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Nígbà tó wá kan àwọn oníkẹ́ẹ̀gì, o gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀, o ní láti kékeré ló ti ń wù ọ́ láti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Bí ọkùnrin kan bá kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sí ilé mẹ́tàléláàádọ́rin, tí ó kàn ń pa orúkọ ọmọbìnrin rẹ́ tí ó ń fi òmíràn sí i, tí ó wá lọ pe Ameenat ní Ọmọlará, ta ni yóò bu omi fún un mu nínú ilé yẹn?

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo ti rí ohun tó lé oorun lójú mi. Wọ́n ní kí o kọ orúkọ èèyàn mẹ́ta tó mọ̀ ọ́, tó lè jẹ́rìí sí ọ. O kọ onílé rẹ. O kọ ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe. O kọ olùkọ́ kan tó ti lọ sí òkè òkun. Mẹ́ta péré! Bí a bá ń lọ tọrọ ọmọ, ṣé èèyàn mẹ́ta là ń kó lọ? Bí wọ́n bá rí mẹ́ta, wọn yóò ní àwọn tó kù nínú ẹbí náà mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ nǹkan ńlá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, àwọn èèyàn rẹ̀ ló máa ń bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá yé mi kedere pé ohun tó fà á tí wọn kò fi dá ọ lóhùn ni pé o dá dúró.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a kírun tán, mo dìde, mo ní mo ní ọ̀rọ̀. Mo ní ta ló lè bá mi dé Ìsọlọ̀, kí ó lọ jẹ́rìí pé Alameen mọ iṣẹ́? Mo rò pé wọn yóò máa wo ilẹ̀. Ìyá Sẹ̀kínátù ló kọ́kọ́ dáhùn láti ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí, wọ́n ní àwọn ni ẹni kìíní, kí ẹnikẹ́ni má gba ipò yẹn mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ládàánì ni ẹnì kejì, ó ní láti ìgbà tí o ti tún sípíkà ṣe ni òun kò ti fi ọ̀fun òun pariwo mọ́. Alága àwọn tó ń pín omi ni ẹnì kẹta. Mo ń fi ìka kà wọ́n. Nígbà tó di ẹni kọkànlá, mo rí ọkùnrin tí èmi àti òun kì í kí ara wa nítorí ààlà oko, ó dìde, kò wo ojú mi, ó ní wáyà tí o tò sí ilé òun kò tíì jó títí di òní, kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dá kíkà dúró. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kò sì yẹ kí èèyàn máa ka àwọn tó dìde fún un bí ẹni ń ka èbù iṣu. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ iye wa fún ọ, irọ́ ló pa, èmi gan-an n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ̀ Sùlè kún, a sì tún jókòó lé ara wa lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni a gbéra lẹ́yìn ìrun àsúbáà. Ọyẹ́ bo ọ̀nà, Sùlè ń wa ọkọ̀ bí ẹni ń tukọ̀ lójú omi. Àwọn àgbà sùn, orí wọn ń mì sí ọ̀tún pọ̀, ó ń mì sí òsì pọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn jọ ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò sùn, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé mo lajú. Nígbà tí a dé Òṣòdì, mo wo òkè, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń kọjá lórí wa. Nínú kùrukùru yẹn n kò rí afárá tí wọ́n ń tẹ̀, àwọn nìkan ni mo rí, pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń yára, wọ́n ń rìn nínú òfuurufú, ẹnikẹ́ni kò sì jábọ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé ibí ni ọmọ mi ń gbà lójoojúmọ́. Ó ń gbé ìwé kiri láti ilé iṣẹ́ kan dé èkejì, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì jábọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ lọ́jọ́ náà. N kò ní tún un sọ.

Nígbà tí a dé ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Ìsọlọ̀, tírélà tò lọ láìlópin. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n tò jọ nínú ọgbà àwọn tí a wá bá, ó ga ju ilé lọ, oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù sára ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí ohun tí mo wá ṣe. Gáàdì kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runṣògo bi mí pé ta ni a fẹ́ rí. Mo ní ẹni tó ń fèsì lẹ́tà, pé a mú oyin wá fún un, a wá kí i kú àná. Ó ní kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní kò kọ orúkọ rẹ̀, onírẹ̀lẹ̀ ni. Ọlọ́runṣògo rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú, ó ní bọ̀ọ̀dá, kọ̀ǹpútà ni. Mo ní bó ṣe kọ̀ǹpútà ni, kí ó sọ fún un pé àwọn ará ilé Alameen ti dé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Mo ní a ó dúró. Ó ní níbo. Mo ní níbí. Àwọn ìyá sì tẹ́ ẹní sílẹ̀.

N kò mọ̀ pé ibi tí tírélà ń gbà jáde ni a tẹ́ ẹní sí. Lójú tèmi, géètì ni géètì. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi fẹ́ jáde, awakọ̀ náà ń fọn fèrè, ó yọ orí síta, ó ní ìsọmọlórúkọ ta ni, pé mọ́sáláṣí wo ló lé wa jáde. Ìyá Sẹ̀kínátù dá a lóhùn pé bí ìyá rẹ̀ bá pọ̀n ọ́n dáadáa ni, kì bá tí máa fọn fèrè sí àgbà létí. Ó wá fi ìyá tèmi náà kún un. Mo sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ó ní òun yóò tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Mo ní kí ó kọ́kọ́ tẹ èmi. Ohun tí wọ́n pè ní ìjà nìyẹn.

Ariwo náà ló pe Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú jáde, àwọn ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀, àgbàlagbà kan tí òróró ti wọ inú èékánná wọn. Mo rí èékánná yẹn, ọkàn mi balẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ọkùnrin tó kù dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Ọ̀gá náà bi wá pé ṣé a jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ni. A ní rárá. Wọ́n ní ṣé àwọn lé ọmọ wa kúrò níṣẹ́ ni. Mo ní rárá, sà, ẹ kò tíì gbà á. Wọ́n ní ọdún méjìlélógún tí àwọn ti wà níbẹ̀, àwọn ti rí ẹbí tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó jalè, àwọn kò rí èyí tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí àwọn kò mọ̀ rí. Mo ní ohun tó gbé wa wá gan-an nìyẹn, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n.

Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ gígùn kan sórí, ṣùgbọ́n Ìyá Sẹ̀kínátù kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n sì fa bẹ́líìtì kan yọ. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wọn ni, èyí tí o gé lára rọ́bà tírélà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí o fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán ojú rẹ̀ pọ̀, lọ́jọ́ tí ojúlówó bẹ́líìtì rẹ̀ já tí ẹ̀gẹ́ gbogbo abúlé wà nílẹ̀. Wọ́n ti tú u kúrò lára ẹ̀rọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ òyìnbó, ohun tí ọmọ náà ṣe nìyí, kí ọ̀gá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú gba bẹ́líìtì náà. Wọ́n yí i po, wọ́n nà án, wọ́n gbé ojú ìrán rẹ̀ sún mọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ wáyà náà lọ, wọ́n tún tọ̀ ọ́ padà. Gbogbo wa sún mọ́ wọn. Awakọ̀ tírélà pàápàá pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ọ̀gá bi mí pé ta ló kọ́ ọ láti rán an ní ìdábùú bẹ́ẹ̀, kí ó má baà máa kọ lu irin. Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ó kàn jókòó tì í, ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn nítorí ààyè kan ṣoṣo yìí lé ní ẹgbẹ̀rún, òṣìṣẹ́ kára ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹyọ kan tó sọ ohun kan pàtó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ, wọ́n wá lẹ́tà rẹ rí lórí fóònù wọn, wọ́n ń kà á, wọ́n wá kà á sókè pé láti kékeré ló ti ń wù ọ́ láti ṣe búrẹ́dì. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn ti kúrò nílẹ̀, sà, a ti bá a wí.

Wọn kò ṣèlérí, mo fẹ́ kí ìyẹn yé ọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà nínú ilé tó ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o wá ní Mọ́ńdè, kí o má wọ kóòtù, kí ìwọ àti àwọn jọ wò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n, o mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wọ́n sì ní kí o dá wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ìyẹn.

Mo gbọ́ pé ojú ń tì ọ́ nítorí àwọn ará àdúgbò rẹ rí wa lórí fóònù. Kí ojú máa tì ọ́, kò burú, ṣùgbọ́n wọ bàtà rẹ kí o máa lọ. Bẹ́líìtì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn, ẹ̀rọ Ìyá Sẹ̀kínátù sì ti dákẹ́ láti Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú wà nílẹ̀, ó ń rà. Wọn kò ráhùn. Wọ́n jókòó tì í lánàá, wọ́n ní ọmọ àwọn ń lọ síṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Bí o bá jókòó sílé lọ́jọ́ náà, ìwọ ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí a ó sọ fún wọn, èmi kò ní.

Èyí tí o bá tún máa kọ, má kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kọ ohun tí o tún ṣe, kọ bí ó ṣe bàjẹ́, kọ ẹni tó ni ín àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí báyìí. Kọ ti oníbúrẹ́dì fún oníbúrẹ́dì. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí o kò gbọ́ nǹkan kan, lọ kí wọn. Ẹni tí a kò kí kò mọ̀ pé à ń retí òun.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Ra bẹ́líìtì tuntun fún Ìyá Sẹ̀kínátù, kí o fi rán Sùlè, kí o tó ra ohunkóhun fún ara rẹ. Fi owó dátà ránṣẹ́ sí Fàthíà, torí gbogbo èèyàn abúlé yìí ló fẹ́ kí ó máa ka lẹ́tà rẹ fún àwọn báyìí. Èmi kò fẹ́ nǹkan kan, àfi bí o bá rí bàtà funfun, ẹsẹ̀ mi ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Oyin náà, mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́runṣògo, ó búra fún mi pé òun yóò fi jíṣẹ́. Bí o bá wọlé, rọra béèrè bóyá ó dé ọ̀dọ̀ ẹni náà.

Ọlọ́run tó fi etí sí ọ lọ́wọ́ yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sọ ibi tó ń dùn ún fún ọ. Iṣẹ́ tí ìwọ yóò ṣe tí ara rẹ yóò dá, tí orúkọ rẹ kò ní bàjẹ́, Ọlọ́run yóò fi ṣe tìrẹ. Àmín.

Bí wọn kò bá sì gbà ọ́, má pa fóònù. Kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó kàn ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tí kò rí ààyè nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn ń bá mi bínú títí di òní, wọ́n ní ṣé àwọn kò mọ̀ ọ́ ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rùfáì.